Ìlúwẹ̀ẹ́ Àgbàlagbà: Ohun Tí Kíkà Yorùbá Ṣe Fún Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Òwe yìí ni mo dì mú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kópa nínú eré ìje tí wọ́n ń pè ní triathlon, ní Ajah níhìn-ín, nígbà tí mo jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá: ẹ̀ta ni tri, ìdíje ni ìyókù. Nítorí náà, eré ìje alápá mẹ́ta ni mo máa ń pè é. Olùdíje yóò kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, yóò gun kẹ̀kẹ́, yóò sì fi ẹsẹ̀ sáré, láìsinmi láàárín. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì, ìlúwẹ̀ẹ́ jẹ́ mítà 1,500, kẹ̀kẹ́ jẹ́ kìlómítà 40, eré ẹsẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 10. Ìdajì rẹ̀ ni àwa ṣe: mítà 750, kìlómítà 20, àti kìlómítà 5.

Ẹni tí ó bá mọ agbègbè Lekki mọ̀ pé omi ni ó yí wa ká. Ọ̀sà wà ní àríwá, Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù. Ní Badore, àwọn ọmọ apẹja ń wọnú ọ̀sà bí ẹni ń wọ yàrá ìyá wọn. Èmi kọ́, ìlú olókè ni wọ́n bí mi sí. Omi tí mo mọ̀ ní kékeré kò mu mi kọjá orúnkún, ìyá mi a sì máa kìlọ̀ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Mo gbé ìbẹ̀rù yẹn dàgbà. Ọdún méjìlá ni mo fi gbé láàárín omi méjì láìlè wẹ odò tí ó mu mí dé àyà. Ojú a máa tì mí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ju àkọ́bí mi lọ ni olùkọ́ mi. Bí a bá pàdé, yóò dọ̀bálẹ̀. Bí a bá wọ omi tán, òun ni ọ̀gá.

“Bàbá, ẹ má bá omi jà. Ẹ fẹ́ èémí yín sínú omi kí ẹ tó yí ojú sókè láti mí òmíràn.”

Àṣìṣe mi gan-an nìyẹn. Mo máa ń dá èémí dúró, n óò gbé orí sókè, ẹsẹ̀ mi yóò sì máa rì bí ìdákọ̀ró.

Ìtàn Eric Moussambani ni mo fi ń ki ara mi láyà. Ní Sydney lọ́dún 2000, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì tí triathlon ti kọ́kọ́ wọlé, ọmọ Equatorial Guinea yìí nìkan ni ó wẹ mítà 100 nínú ìpín rẹ̀, nítorí pé àwọn méjì yòókù gbéra ṣáájú àṣẹ, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò. Kò tíì pé ọdún kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́. Ó lo ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 52.72, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì àkókò ẹni tí ó gba góòlù. Ṣùgbọ́n ó gúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ tiwa, wọ́n kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá jáde nínú omi láàárín ìṣẹ́jú 30 kò ní gun kẹ̀kẹ́. Gígùn adágún ìlúwẹ̀ẹ́ náà jẹ́ mítà 25; a ó là á kọjá nígbà ọgbọ̀n. Bí mo bá ti fọwọ́ kan ògiri, n óò kà á lọ́kàn. Nígbà tí mo ka mẹ́rìnlélógún, apá mi ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ ti jáde tán. Ọmọkùnrin tí ó ń ṣọ́ wa ń bá mi rìn létí omi, mo sì ń rò ó pé kí n nawọ́ sí i.

Mo tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fọwọ́ kan ògiri, mo kà: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Márùn-ún dín ní ọgbọ̀n! Láti kékeré ni mo ti ń pe nọ́ńbà yìí, n kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ rí. Títí dé mẹ́rìnlélógún, èdè wa ń ka ohun tí a ti ṣe lé orí ogún; láti ibẹ̀ lọ, ohun tí ó kù ni ó ń kà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n: ó ku mẹ́rin. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n: ó ku mẹ́ta. N kò yára sí i. Èémí mi kàn balẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi jáde.

Mo gun kẹ̀kẹ́ gba Sangotedo kọjá lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, mo sì yí padà. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ láti sáré, itan mi dà bí igi. Èmi ni mo kẹ́yìn gbogbo wọn. Olùkọ́ mi dúró títí mo fi dé, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ni ẹni tí ọgọ́ta rẹ̀ ku ọdún méjì ń wá nínú omi. Mo ní ohun tí ó kù ni mo ń kà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí nọ́ńbà Yorùbá ń dà láàmú, ẹ má bínú sí i. Ẹ kà á lọ́jọ́ tí ó bá rẹ̀ yín. Ire o.