Lẹ́tà Láti Ṣókótó: Àfòpiná Abìyẹ́

Rúnjìn Sáḿbò,
Ṣókótó.
Ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ooru oṣù Kẹrin tí mo ráhùn rẹ̀ sí yín ti rọlẹ̀. Òjò kì í pẹ́ níbí. Kí oṣù Kẹwàá tó jìnnà, á ti dáwọ́ dúró. Nísinsìnyí, ètìpọ́nlá ti bo etí ọ̀nà, oríṣiríṣi kòkòrò sì ti jáde.

Ẹ bi mí nípa ohun tí mo ń fi alẹ́ ṣe. Èmi àti àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń gbé ládùúgbò wa, àwọn tó ń pè mí ní Màlámà, ìyẹn olùkọ́, la jọ ń wo àwọn àfòpiná tó ń bà sára ògiri lábẹ́ iná sólà. Ọ̀kan tín-ín-rín wà nínú wọn. Bó bá bà, á na apá gbọọrọ sí ọ̀tún àti òsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn á sì gbé e kúrò lára ògiri. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ óò rí i pé apá náà kì í ṣe odidi. Ti iwájú là sí méjì, ti ẹ̀yìn là sí mẹ́ta, irun wẹ́wẹ́ sì tò sí etí ìlà kọ̀ọ̀kan bíi ti ìyẹ́ ẹyẹ. Pterophoridae ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé wọn, ó sì ju ẹ̀yà 1,000 lọ tó ti lórúkọ káàkiri ayé.

Àwọn tí kò tíì lórúkọ ló gbà mí lọ́kàn jù. Ní Òkè Kamẹrúùnù, tí kò jìnnà sí Kàlàbá, àwọn olùwádìí kan, tí Robert Tropek láti ìlú Prague wà lára wọn, kó àfòpiná jọ nínú igbó. Peter Ustjuzhanin àti Vasily Kovtunovich, ará Rọ́ṣíà, bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún 2018, wọ́n kéde ẹ̀yà tuntun 9 nínú Alucitidae, ìdílé mìíràn tí apá tiwọn là sí mẹ́fà mẹ́fà. Nígbà tó di 2020, wọ́n tún kéde 7 láti orí òkè yìí kan náà!

Iṣẹ́ ńlá ni kí wọ́n tó lè fún kòkòrò lórúkọ. Àwọ̀ nìkan kò tó, torí wọ́n jọra púpọ̀. Wọ́n á gé ìdí ikùn rẹ̀, wọ́n á fi omi pọ́táàṣì sè é títí yóò fi mọ́, wọ́n á wá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ibi tó fi ń bímọ, nítorí bí ti ẹ̀yà kan ṣe rí, ti èkejì kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan á sì wà nípamọ́ ní ilé àkójọ, kó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí orúkọ náà.

Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí kan àgbẹ̀. Nínú ìdílé Pterophoridae, ìdin Exelastis atomosa ń ba òtílí jẹ́ ní Íńdíà. Ti Sphenarches caffer ń jẹ igbá. Ṣùgbọ́n ètìpọ́nlá ni ti Megalorhipida leucodactyla ń jẹ ní tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yà sọ́tọ̀, oògùn ni yóò fín pa gbogbo wọn. Ó dùn mí pé àjèjì ló ń ti ọ̀nà jíjìn wá sọ ohun tó ń bà sára ògiri wa lórúkọ. A lójú, a níná, ilé àkójọ kòkòrò sì wà ní Sàmárù, Sáríà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Àkànní àbúrò mi kó máa wo ara ògiri lálẹ́. Bó bá rí irú rẹ̀, kó fi ife dé e, kó tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé, kó sì kọ ọjọ́, ìlú àti ewéko tó wà nítòsí sí i lára. Láìsí ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti mú un, kò ní wúlò fún onímọ̀ kankan. Bí mo bá wálé lọ́dún Kérésì, èmi yóò gba gbogbo rẹ̀, màá sì yà ní Sáríà bí mo bá ń padà bọ̀.

Mo fi àlùbọ́sà àti kílíṣí rán awakọ̀ sí Ìyá mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́.