Máàkì Àwa Àgbà Akẹ́kọ̀ọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó jẹ́ kí àwa bàbá ọlọ́mọ tún jókòó ní kíláàsì. Máàkì wa nínú Náhàwù kò burú. A ti kọ́ Ajurumíyà sórí.

Ṣùgbọ́n a kó ará ilé wa lọ sí ilé sinimá láti wo Ar-Risala, fíìmù tí Moustapha Akkad ṣe ní 1976. Ó ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣe é ní Lárúbáwá pẹ̀lú àwọn òṣèré mìíràn. Ti Lárúbáwá ni a wò. Wọn kò fi àwòrán Ànábì wa hàn, a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí fi ọkàn àwọn ìyàwó wa balẹ̀. (Owó ẹ̀pà tí a jẹ níbẹ̀ kì í ṣe kékeré!)

Nígbà tí Jafaru dúró níwájú ọba Nájáṣì, àwọn ọmọ ń béèrè pé, "Bàbá, kí ni ó wí?" A dá wọn lóhùn. Ìtàn tí a ti mọ̀ láti ilé kéú ni a fi dáhùn, kì í ṣe ohun tí etí wa gbọ́.

Ìdánwò wa kì í bi wá ju ohun tí ó wà nínú ìwé lọ. Ẹni tí ó gba 80 tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ìṣẹ́jú 5, máàkì rẹ̀ kò tíì pé lójú wa. A bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu kún un, ẹ má sì wo irùngbọ̀n wa kí ẹ tó fún wa ní máàkì.