Àmì Pupa Tí Kì Í Ṣe Ẹ̀bi Mi

Èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni mo sì fi ń jẹun. Kò sí ohun tó pa èmi àti kóòdù kọ̀ǹpútà pọ̀ rí, àfi ìgbà tí mo kíyè sí i pé sọ́fítíwìà ọ̀fẹ́ kan tí mo fi ń kọ̀wé ń sọ àmì orí ẹ́ àti ọ́ nù. Àbúrò mi ọkùnrin, tí kóòdù kíkọ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, dáhùn pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, gbangba ni kóòdù rẹ̀ wà. Ẹ tún un ṣe fúnra yín."

Ó kọ́ mi ní Python díẹ̀, mo sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nínú Unicode, á jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò sí irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ́: ẹ ń dá dúró, àmì ohùn òkè sì ń tẹ̀ lé e bí ẹyọ kejì. Ẹyọ kejì yìí ni sọ́fítíwìà náà kà sí ìdọ̀tí, tó sì ń gbá dànù. (Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì rí, tí wọ́n kọ́ yín pé ohùn ní ìpele tirẹ̀, ẹ ó mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.) Ìlà 11 ni mo kọ láti fi tún un ṣe.

Ẹ̀rọ ní láti yẹ iṣẹ́ àlejò wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ń wo ìrísí kóòdù: ó ní mo fi àlàfo sílẹ̀ ní ìparí ìlà kan, pé ìlà mìíràn sì gùn ju ẹyọ 79 tí ìlànà PEP 8 fàyè gbà. Èyí kò bí mi nínú. Olùkọ́ tó fi bíírò pupa yí àmì ohùn tí mo ṣì lò ká ni mo rántí. Ó le, ṣùgbọ́n ohun tó bá wí lónìí ni yóò wí lọ́la.

Àyẹ̀wò kejì ló fẹ́ lé mi padà sílé. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ni ẹ̀rọ ń ṣe láti mọ̀ bóyá ohun tí mo fi kún un ba èyí tó wà tẹ́lẹ̀ jẹ́. Ẹyọ kan fìdí rẹmi, àmì pupa sì yọ. Mo tún kóòdù mi kọ, pupa. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó di àwọ̀ ewé, mo yọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ àlàyé kan péré ni mo yí padà, pupa tún dé. Alẹ́ méjì ni n kò fi sùn dáadáa. Mo ń bi ara mi pé ta ló rán akẹ́kọ̀ọ́ èdè níṣẹ́ yìí.

Nígbà tí mo pe àbúrò mi, ìbéèrè kan ló bi mí: "Ṣé ẹ ti ka orúkọ ìdánwò tó kùnà?" N kò kà á. Nígbà tí mo kà á, kò kan àmì ohùn rárá. Fáìlì kan ló ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sì í dúró ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá falẹ̀, ó kùnà. Bó bá yá, ó yege. Àbúrò mi ní kí n ṣe ìdánwò náà nígbà 20 lórí kóòdù tiwọn, láìfi tèmi kún un. Ó kùnà nígbà mẹ́ta.

Flaky test ni àwọn onímọ̀ ń pe irú rẹ̀. Google pàápàá kọ ọ́ síta ní 2016 pé nǹkan bí 16% nínú àwọn ìdánwò wọn ló ní àléébù yìí dé ìwọ̀n kan. Àbúrò mi sì kìlọ̀ kí n má kàn máa tẹ bọ́tìnì títí yóò fi di àwọ̀ ewé, torí àṣìṣe tòótọ́ lè sá pamọ́ sẹ́yìn èyí tí a ti mọ̀ mọ́ irọ́.

Mo kọ̀wé sí àwọn alábòójútó. Èsì wọn ni pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti mọ̀. Gbogbo àgbà ibẹ̀ kàn ń tún un tẹ̀ ni. Inú bí mi gan-an. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ìlà 11 mi wọlé lọ́sẹ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kọ ìpínrọ̀ kan sínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn: orúkọ ìdánwò náà, ohun tó ń ṣe é, àti pé kí ẹni tuntun kọ́kọ́ dán kóòdù àtijọ́ wò kó tó fọwọ́ kan tirẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́jọ́ kejì. Ìdánwò náà ṣì wà níbẹ̀.