Ó Jẹ Wá Lówó, Ó Jẹ Owó Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọ̀rọ̀ wo ló le jù fún àjèjì tó ń kọ́ èdè Yorùbá, n kò ní mú ọ̀rọ̀ gígùn kankan. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni màá mú: jẹ. Lẹ́tà méjì péré ni, ọmọ ọdún méjì sì ti mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé oúnjẹ nìkan ni Yorùbá ń jẹ kò tíì rí nǹkan kan.

À ń jẹ iyán, à ń jẹ ẹ̀bà. À ń jẹ gbèsè pẹ̀lú. Ọmọ ọba ń jẹ oyè, oníṣòwò ń jẹ èrè, ẹni tó mọ ayò ta sì ń jẹ ọmọ ayò. Ọ̀rọ̀ tó bá ká wa lára a máa jẹ wá lógún. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, ńṣe ni jẹ fara pa mọ́. Jẹ ogún ló di jogún. Jẹ ìyà ló di jìyà. Jẹ ọba ló di jọba, jẹ owú ló di jowú. Ní kóòtù pàápàá, ẹni tó jẹ ẹ̀bi ni à ń pè ní ẹni tó jẹ̀bi, ẹni tó jẹ àre ló jàre. Olùkọ́ Yorùbá wa ní ìpajẹ ni èyí ń jẹ́: bí fáwẹ̀lì méjì bá pàdé, ọ̀kan lè pa èkejì jẹ. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ ohun gbogbo, wọ́n tún ń jẹ fáwẹ̀lì tirẹ̀ náà.

Ohùn tún wà níbẹ̀. Jẹ tí à ń wí yìí, ohùn àárín ló ní. Bí a bá fi ohùn òkè sí i, ó di jẹ́, èyí tí à ń lò bí a bá fẹ́ sọ orúkọ wa tàbí tọrọ àyè: "Jẹ́ kí n kọjá." Bí a bá fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i, ó di jẹ̀, èyí tí ẹran ń ṣe nínú pápá. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè orúkọ mi tó bá gbé ohùn sísàlẹ̀ díẹ̀, oúnjẹ mi ló ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún nítorí ibi tí mò ń gbé. Èbúté Àpápá ni ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Ajégúnlẹ̀ wà, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ajé ti gúnlẹ̀. Ajé yẹn ló fa Ìgbò, Urhobo, Haúsá, Ègùn àti ẹ̀yà mìíràn wá. Ilé-iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ló sì kọ́ ojú irin tuntun tó so Èkó mọ́ Ìbàdàn, tó wọ inú èbúté Àpápá, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ẹni tó bá fẹ́ bá gbogbo wa ná ọjà yóò bá jẹ pàdé láìpẹ́.

Mo rò pé ará Ṣáínà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Èdè tirẹ̀ náà ní ohùn, mẹ́rin gan-an, ó sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún jẹ: "chī". Ẹni tó bá ń fara da ìyà ní èdè wọn, ó ń jẹ ohun kíkorò, "chīkǔ". Ẹni tó bá ń jowú olólùfẹ́ rẹ̀, ọtí kíkan ló ń jẹ, "chīcù". Haúsá náà ń jẹ gbèsè. "Ci bashi" ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá yege nínú ìdánwò, wọ́n ní àwọn jẹ ìdánwò náà. Gẹ̀ẹ́sì ló ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún gbèsè, ọ̀tọ̀ fún ogún, ọ̀tọ̀ fún ẹ̀bi. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì wá kọ́ Yorùbá ni iṣẹ́ pọ̀ fún jù.

Kí ló so gbogbo wọn pọ̀? Lójú tèmi, ohun tí a bá jẹ kì í sí lọ́wọ́ mọ́. Ó ti wọ inú ara. Gbèsè, oyè, ogún àti ẹ̀bi, kò sí èyí tí a lè gbé sílẹ̀ bí ẹni gbé igbá sílẹ̀.

Àṣìgbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lè ba nǹkan jẹ́. Màmá mi wà nínú ẹgbẹ́ alájọ kan. Lọ́jọ́ kan, ìyá ẹlẹ́ja, tó jẹ́ Urhobo, dìde ní ìpàdé, ó ní, "Ìyá aláta jẹ owó wa!" Ariwo ta. Ìyá aláta bú sẹ́kún, ó ní wọ́n pe òun lólè lójú ayé. Àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Àgbà kan nínú wọn ló bi í pé, "Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó kó owó wa ni, àbí kò tíì dá tirẹ̀?" Ó dáhùn pé, "Áà! Kò jalè o. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò tíì dá." Ohun tó fẹ́ sọ ni pé ó jẹ wá lówó. Bí jẹ bá kọ́kọ́ bá ènìyàn pàdé, gbèsè ni. Bó bá kọ́kọ́ bá owó pàdé, owó ti wọlé sí ikùn ẹnì kan nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí kò pọ̀ ni ó yí padà ní ipò, orúkọ ìyá olóbìnrin ni ó fẹ́ bà jẹ́.

Yorùbá ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwa ọmọ onílé máa ń rò pé ẹni tó ń kọ́ èdè wa nìkan ló gbọ́dọ̀ rọra gbé ẹyin náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó nawọ́ gbà á náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kọ jẹ nìkan sínú ìwé rẹ̀. Kí ó kọ jẹ gbèsè, jẹ oyè, jẹ ogún, kí ó sì kọ gbólóhùn kan sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa náà, bí àjèjì bá sọ ọ̀rọ̀ tó ta létí, ká tó bínú, ká bi í pé: "Kí lẹ ní lọ́kàn?"