Ẹlùbọ́ Nínú Bátìrì

Mo ti pe ọkùnrin kan lólè rí, lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ohùn mi lọ sókè débi pé àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò fi ọṣẹ àti omi sílẹ̀ láti wá wòran. Ẹnìkan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó ti fẹ́ sanwó ọkọ̀; ó ki owó rẹ̀ bọ àpò, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn àgbà bá wa dá sí i, ọkùnrin náà ka ₦300,000 fún mi kí n lè kúrò níwájú òun. Mo gbà á, mo tún un kà, mo sì ń kùn pé kò tó. Ọ̀rọ̀ owó yẹn ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.

Epo ló fa gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí àlééfà, tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bẹntiróòlù tí à ń rà láìtó ₦200 ní Èkó ti di ₦488. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, ó ti wọ ₦568. Camry tí mo ń wà nígbà náà, irú èyí tí a máa ń pè ní Big Daddy, oní púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ni. Láti Dọpẹmu dé Ìkẹjà, géèjì epo ni mo máa ń wò ju ojú ọ̀nà lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ Bolt ló kọ́kọ́ dárúkọ Prius fún mi. Ọkọ̀ tó ń fi epo rìn, tó sì tún ń fi iná rìn, háíbíríìdì. Japan ni Toyota ti kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 1997, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà ní 2000. Ti 2008 ni mo rí rà. Nínú ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún un, máìlì 46 ni gálọ̀nù epo kan ń gbé e. Bí a bá dá a padà sí tiwa, lítà kan á gbé e kọjá kìlómítà 19. Mo ka èyí fún ìyàwó mi bí ẹni ń ka Sáàmù.

Kò sì parọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń jẹ owó olówó, ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti ń fowó pamọ́. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá há wa mọ́ abẹ́ bíríìjì Dọpẹmu, ẹ́ńjìnnì á kú fúnra rẹ̀, bátìrì á sì máa fà wá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí mo bá tẹ bíréèkì, agbára tí bíréèkì ọkọ̀ mìíràn ń sun dànù, ó ń dá a padà sínú bátìrì ni. Àwọn ará àdúgbò ò yé bi mí pé ṣé iná NEPA ni mo fi ń ṣájì ẹ̀. Mo gbádùn ìbéèrè yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Màá ní rárá, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣájì ara rẹ̀, màá wá dúró kí wọ́n yanu.

Kí n tó rà á, mo ti lọ bá ọkùnrin kan ní Akówọnjọ tó mọ̀ nípa bátìrì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n san ₦20,000, òun á tẹ̀lé mi lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ṣé ojú lásán ni wọ́n fẹ́ fi wo nǹkan tí wọ́n ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Níbi tí wọ́n ti ń tà á, Àlájì tó ni ọkọ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná kan ò tàn.” Iná kan ò tàn lóòótọ́. Ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà tí mo kó kalẹ̀, apá kan nínú ẹ̀ jẹ́ owó tí ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, yá lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn.

Ẹlùbọ́ ni Ìyá Ìbejì ń tà. Ó máa ń lọ ra àpò rẹ̀ lọ́jà Òkè-Odò ní Ilé-Epo, á sì kó o wá sí ṣọ́ọ̀bù nínú ọkọ̀ akérò tàbí kẹ̀kẹ́ Marúwá. Èmi ni mo ní kó dá owó ọkọ̀ dúró. Mo ní kí la fẹ́ máa sanwó fún, nígbà tí a ní ọkọ̀ tí kì í mu epo?

“Bàbá Ìbejì,” ó ní, “àpò ẹlùbọ́ máa ń jò o. Ọkọ̀ yín ṣì mọ́.”

Mo ní aṣọ ìnulẹ̀ ń bẹ nílé.

Báyìí la ṣe ń kó o. Búùtù á kún, àga ẹ̀yìn á kún, a óò to àpò sórí ara wọn títí wọ́n á fi kan gíláàsì. Ojú afẹ́fẹ́ kékeré kan wà lápá ọ̀tún àga ẹ̀yìn yẹn, tó rí jálajàla bíi nẹ́ẹ̀tì. Sípíkà ni mo pè é. Ibẹ̀ ni àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń fara tì. Tí a bá ti ń bọ̀ láti Ilé-Epo, mo máa ń pa éésì kí epo má baà lọ, màá yí gbogbo fèrèsé wálẹ̀. Eruku Ìyànà-Ìpájà á wọlé, á bá ẹlùbọ́ tó ń fò nínú ọkọ̀. A ó dé ilé, irun wa á ti funfun.

Ìwé ìlò ọkọ̀ náà wà nínú àpótí kékeré iwájú. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, mo sì gbọ́ òyìnbó. Mi ò ṣí i rí.

Nígbà tí oòrùn oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn fáànù kan lẹ́yìn mi, tí ń hu kíkan-kíkan bí a bá wà nínú gosló. Mo yí rédíò sókè. Mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ, mo yí rédíò sókè ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ìyànà-Ìpájà, iná pupa onígun mẹ́ta tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti ìgbà náà ẹ́ńjìnnì ò kú mọ́, ọkọ̀ ò lágbára, epo tí ó ń mu sì ń súnmọ́ ti Big Daddy. Mẹkáníìkì mi, tí kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí, pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ bátìrì kékeré inú búùtù, ó gbowó iṣẹ́. Ẹlòmíràn fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ pa iná náà. Kí n tó dé Sẹ́mẹ́ǹtì, ó ti tún tàn. Òun ló sọ fún mi pé P0A80 ló ń gbé jáde, pé bátìrì ńlá ló ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti tó fún mi. Mi ò bèèrè ohun tó bà á jẹ́. Mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì, a gba ọ̀dọ̀ Àlájì lọ, mo sì ṣe ohun tí mo ti sọ lókè.

Owó tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo fi padà lọ bá ọkùnrin Akówọnjọ. Kò bú mi. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà nípọn, ó fa púlọ́ọ̀gì ọlọ́sàn kan yọ lára bátìrì tó wà lẹ́yìn àga, ó ní kí a dúró díẹ̀ kí agbára inú ẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní iná tó wà níbẹ̀ lé ní fóòtì 200, pé ó ń pa èèyàn, pé kí n má jẹ́ kí réwáyà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi dé ibẹ̀. Nígbà tó ṣí i, mo rí ìpín 28, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n tò bí ìwé lórí pẹpẹ. Fóòtì 7.2 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so gbogbo wọn mọ́ra ni, ó ní, nítorí náà bí ẹyọ kan bá rọ, ọkọ̀ á ka gbogbo ẹ̀ sí òkú. Àwọn tó wà láàárín ló burú jù, torí ibẹ̀ ni ooru ń kójọ sí.

Ó wá tú fáànù. Ó dì í mú sínú oòrùn, kò sọ̀rọ̀. Nǹkan kan ti dí gbogbo àárín abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó dúdú, ó yí, ó sì ti gbẹ mọ́ ọn bí àmàlà tó sùn nídìí ìkòkò. Ó fi èékánná ha díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń tà?”

“Mi ò ta nǹkan kan,” ni mo dáhùn. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Ó mú mi lọ síbi àga ẹ̀yìn, ó fi ìka tọ́ka sí sípíkà mi. Ó ní imú bátìrì nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tútù inú ọkọ̀ ló ń fà, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa pa éésì nínú ooru Èkó, ká má tíì sọ pé kó gbé àpò dí i. Fífọ fáànù yẹn ò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Mo bi í pé ṣé ẹlùbọ́ ló pa á. Ó ní bátìrì tó ti ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kì í ṣe ọ̀dọ́: ọdún mẹ́jọ tàbí máìlì 100,000 ni Toyota fi dúró fún un ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn sì ti pé tipẹ́ kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi. “Àgbàlagbà ni nígbà tí ẹ rà á,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó mí.”

Mo tún ṣe aṣiṣe kan níbẹ̀. Ó ní kí n pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Mo ní kó pààrọ̀ àwọn tó kú nìkan. Ó kìlọ̀ fún mi pé tuntun àti àgbà kì í gbé agbára dọ́gba, pé àwọn tó kù á máa kú tẹ̀ léra wọn. Mo rò pé owó ló ń wá. Wọ́n kú tẹ̀ léra wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí epo ti di ₦998 níléepo ìjọba ní Èkó, ni mo tó gbà kí ó bá mi gbé odidi bátìrì láti ọjà Ládípọ̀, tòkúnbọ̀ náà ni, lára Prius kan tó ní jàǹbá. Owó rẹ̀ àti iṣẹ́ lé ní mílíọ̀nù kan, torí dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, náírà sì ti ṣubú láti 2023. Mo jókòó ṣírò epo tí mo ti fi ọkọ̀ náà dá sí. Kò tó ìdajì.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ẹlùbọ́ fún Ìyá Ìbejì. Ohun tó mọ̀ ni pé Àlájì rẹ́ wa jẹ. Ó tilẹ̀ ń ṣépè fún un bí a bá kọjá níwájú ibẹ̀, èmi á sì wà nídìí sítíárì, màá máa wo iwájú. Bó ṣe ń ṣépè tí mi ò lè ṣe àmín ló jẹ́ kó fura. Nígbà tí mo sọ fún un tán, kò pariwo. Ó ní, “Mo ní àpò máa ń jò,” ó sì ní kí n kó ₦300,000 padà fún olówó kí ilẹ̀ tó mọ́ mọ́ òun lójú. Ilẹ̀ ti mọ́ mọ́ wa lójú lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó rí owó náà kó jọ.

Àlájì ò kọ́kọ́ fẹ́ kí n jókòó. Mo rò ó fún un bó ṣe rí, àti fáànù, àti àpò, mo sì tọrọ àforíjì lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, torí ojú wọn náà ni mo ṣe bú u. Ó wo owó náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní kí àwọn ọmọ jáde.

“Ọ̀gá,” ó ní, “iná yẹn tàn nígbà tí ọkọ̀ dé láti Àpápá. Ọmọ kan ló bá mi pa á.”

Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ìbínú tí mo ti kó dànù fẹ́ padà wá, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e kà. Òun náà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó pín owó náà sí méjì lórí tábìlì, ó fa ₦150,000 sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ti ìyókù sí mi. Àwa méjèèjì ò jiyàn lórí ìṣirò yẹn.

Mo ti dìde nígbà tó bi mí pé ẹlùbọ́ ibo ni.

“Ti Ṣakí.”

“Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Ìbejì kó fi kóńgò méjì ránṣẹ́ sí ilé mi.”

Ìyá Ìbejì wọ̀n ọ́n fún un. Kò fi èènì kankan sí i, owó tó bọ́ sójú ọjà lọ́jọ́ náà ló sì gbà. Kẹ̀kẹ́ Marúwá ló gbé e lọ.