Oúnjẹ Bọ́mà ní Òpópónà Clement

Òpópónà Clement ní ìlú San Francisco, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ilé oúnjẹ Burma Superstar wà láti ọdún 1992. Yàrá ìjẹun rẹ̀ kò fẹ̀. Àlejò tó bá débẹ̀ nírọ̀lẹ́ yóò forúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì dúró síta títí tábìlì kan yóò fi ṣófo. Tọkọtaya kan tó ti ń jẹun níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wá rà á. Ọmọ Bọ́mà ni ọkọ. Láti 1989 ni ìjọba ti ń pe orílẹ̀-èdè náà ní Myanmar, ṣùgbọ́n Bọ́mà ni àwọn ọmọ Yorùbá tó jagun níbẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì mọ̀ ọ́n sí.

Ní 1962, ọ̀gágun Ne Win fipá gbàjọba ní Bọ́mà, ìjọba rẹ̀ sì gba ṣọ́ọ̀bù àti iléeṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Ọ̀pọ̀ ará Íńdíà àti Ṣáínà tó fi ibẹ̀ ṣelé kó ẹrù wọn jáde, àwọn míì sì forí lé Amẹ́ríkà. Ìdàpọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí hàn nínú abọ́: sàmósà tó ti Íńdíà wá ni wọ́n ń gé sínú omi ọbẹ̀ tòun ti kábéèjì. Mohinga ní tirẹ̀ jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ àwọn ará Bọ́mà nílé, ìyẹn ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ tí wọ́n fi koóko ọba sè, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà mú kó ki, tí wọ́n wá dà sórí núdù ìrẹsì.

Àmọ́ lahpet thoke ni ọba oúnjẹ ní Burma Superstar. Ewé tíì ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tí wọ́n fi ooru omi sè, tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan títí ó fi kan. Àwọn olókè ìpínlẹ̀ Shan ló ń gbìn ín jù. Ipò tí obì wà láàárín Yorùbá ni ewé yìí wà lọ́dọ̀ àwọn ará Bọ́mà: òun ni wọ́n fi ń gbàlejò, òun náà ni àwọn tó bára wọn ṣẹjọ́ láyé àtijọ́ ń jẹ pọ̀ láti fi hàn pé àwọn fara mọ́ ìdájọ́. Nílé, inú àwo tó ní ojú púpọ̀ ni wọ́n ti ń bù ú, kí oníkálùkù máa ṣà á jẹ. Ní San Francisco, wọ́n fi lẹ́túùsì àti tòmátì kún un. Agbáwo á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á sì po ewé náà mọ́ ẹ̀pà, yánmọtí, aáyù díndín àti edé gbígbẹ lójú oníbàárà. Lẹ́túùsì yẹn ń jẹ́ kó tutù lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń bo kíkan ewé náà mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí gan-an, kó tọ́ ewé náà wò kí wọ́n tó pò ó. Ẹni tí tíì kì í jẹ́ kó sùn, ọ̀sán ni kó jẹ ẹ́.