Ẹ Jẹun, Ẹ Má Ta Tẹ́tẹ́: Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi ní Adó-Èkìtì

Las Vegas, Nevada,
Amẹ́ríkà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnáwó físà. A dúpẹ́ pé wọ́n fún gbogbo yín, ìyàwó wa, Màámi àti àbíkẹ́yìn yín. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé ẹnì kan ní Àjìlóṣùn sọ fún yín pé inú ilé tẹ́tẹ́ ni èèyàn ti ń jẹ àjẹyó ní owó pọ́ọ́kú nílùú tí mo wà yìí, pé kí n mú yín lọ. Màá mú yín lọ. Àmọ́ ìròyìn onítọ̀hún ti pẹ́, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe kí ẹ tó lọ ṣẹ́ náírà sí dọ́là.

Òótọ́ ni nígbà kan. Ọdún 1931 ni ìpínlẹ̀ Nevada fi òfin gba tẹ́tẹ́ láyè. Ní 1941, El Rancho Vegas ṣílẹ̀kùn, hòtẹ́ẹ̀lì onítẹ́tẹ́ àkọ́kọ́ lójú títì tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Strip. Láàárín àwọn ọdún 1940 náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ búfẹ̀ síbẹ̀: san dọ́là kan, kí o máa bù ú fúnra rẹ títí o ó fi yó. Kì í ṣe àánú ló ń ṣe wọ́n. Ebi ló ń lé àwọn atatẹ́tẹ́ lọ sílé, àwọn onílé sì fẹ́ kí wọ́n jókòó. Ohun tí wọ́n bá pàdánù nídìí àwo ẹran, wọ́n á gbà á padà nídìí tábìlì tẹ́tẹ́, tèlé-tèlé.

Ayé yẹn ti lọ. Owó tí àwọn ilé ńlá ojú Strip ń rí lórí yàrá, oúnjẹ àti eré ti ju èyí tí tẹ́tẹ́ ń mú wọlé fún wọn lọ, ta ló máa wá ta oúnjẹ lọ́pọ̀? Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, gbogbo búfẹ̀ ìlú yìí ni wọ́n tì, ọ̀pọ̀ ni kò sì ṣí mọ́. Ti Luxor, ilé tí wọ́n kọ́ ní àwòṣe píránmíìdì Íjíbítì, tí owó tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, wọ́n pa á tì ní 2025.

Búfẹ̀ tó lókìkí jù báyìí ni Bacchanal, nínú hòtẹ́ẹ̀lì Caesars Palace, tí wọ́n ṣí ní 2012. Ó dára, n kò ní parọ́: alákàn lórí yìnyín, ẹran màlúù sísun tí alásè ń gé lójú ẹni, oúnjẹ Ṣáínà, ti Mẹ́síkò, ti Ítálì. Ṣùgbọ́n oúnjẹ alẹ́ ẹnì kan ti kọjá 80 dọ́là, kí wọ́n tó fi owó orí tó lé ní ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ sí náírà: ó ju 70,000 náírà tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 2024 pé kó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ikùn Màámi kò lè gba owó oṣù òṣìṣẹ́ ní ìjókòó kan.

Ibi tí àwọn ará ìlú ń lọ ni a ó lọ. Ilé tẹ́tẹ́ South Point ni, ó wà ní gúúsù ìlú, ó jìnnà sí ariwo Strip. Wọ́n tiẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìdíje ẹṣin nínú rẹ̀. Búfẹ̀ ibẹ̀ kò dé ìdajì owó Bacchanal. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì ń ṣe bíi ti àtijọ́, torí ará àdúgbò kì í gba yàrá. Oúnjẹ ló ń fà á padà wá. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ni kí á lọ. Owó ọ̀sán kéré sí ti alẹ́, ti òpin ọ̀sẹ̀ a sì máa fò sókè.

Tí a bá dé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba káàdì ọmọ ẹgbẹ́ ilé tẹ́tẹ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni, páásípọ̀ọ̀tù ni wọ́n máa béèrè, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 ló lè gbà á. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ó ń dín owó oúnjẹ kù. Àmọ́ kì í ṣe tìtorí ojú yín ni wọ́n fi ń pín in: òun ni wọ́n fi ń mọ iye tí èèyàn ń ná nídìí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́. Ẹ gbà á, ẹ fi jẹun, ẹ kó o sápò.

Ọ̀nà búfẹ̀ kì í sábà gba ẹ̀gbẹ́ ilé. Àárín ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ló ń gbà, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Àbíkẹ́yìn yín lè kọjá níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró wòran. Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n, tí ẹ máa ń ní ẹ kàn fẹ́ fi 200 náírà dán Chelsea wò lọ́jọ́ Sátidé, mo mọ̀ yín o. Dọ́là tí ẹ bá kì bọ ẹ̀rọ yẹn lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ ti fi san èyí tí wọ́n dín kù fún yín nìyẹn, àti àlékún.

Nínú búfẹ̀, ẹ má sáré gbé àwo. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí ká. Búrẹ́dì, sàláàdì àti ọbẹ̀ olómi ni wọ́n máa ń tò ṣíwájú, torí kò ná wọn lówó púpọ̀, ó sì ń tètè yóni. Ẹni tó ń gé ẹran a máa gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ ní kó tún gé sí i, kò ní bínú. Màámi á rí nǹkan funfun báláú kan nínú abọ́ ńlá, inú wọn á sì dùn. Iyán kọ́ o. Ọ̀dùnkún òyìnbó ni wọ́n gún mọ́ bọ́tà àti mílíìkì. Kò fà, iyọ̀ ló kàn ń ta lẹ́nu. Ẹni tó fi iyán Ìyìn-Èkìtì dàgbà kò gbọdọ̀ fi ojú iyán wò ó. Kí Màámi tiẹ̀ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kí a tó kúrò nílé, torí iyọ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ àwọn èèyàn yìí.

Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, náílọ́ọ̀nù tí ẹ máa ń gbé lọ sóde àríyá, ẹ fi sílé. Ohun tí ikùn bá gbé ni a sanwó fún, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn dì í lọ. Ẹni tó ń palẹ̀ àwo mọ́, a ó fi dọ́là méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ fún un lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Èmi ni màá san ìyẹn.

Tí ọkàn yín bá ṣì wà ní Caesars Palace, a ó lọ wò ó lálẹ́, wíwò kò gba owó. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ó balẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá kí n lè tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, torí owó búfẹ̀ a máa lé nígbà ọdún.

Àbúrò yín.